Kí ni òòfà ń ṣe sí superconductor tó bá fara kàn án?

Àbúrò mi n'Ílọrin, o béèrè bóyá irin, tó jẹ́ òòfà, tá a bá lẹ̀ mọ́ superconductor lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè bà á jẹ́ gan-an.

Superconductor ni ohun tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan, bó bá ti tutù tó. Méjì-méjì làwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù rẹ̀ ń rìn: spin ọ̀kan (ìyẹn òòfà kékeré tó wà lára ẹ̀lẹ́kítíróònù kọ̀ọ̀kan) kọjú sókè, ti èkejì kọjú sísàlẹ̀. Irin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibì kan náà ló fẹ́ kí gbogbo spin kọjú sí. Wo tọkọtaya tó di ara wọn lọ́wọ́ mú wọ Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí èrò kún: bí èrò bá ń ti ọ̀kan síwájú, tó ń ti èkejì sẹ́yìn, ọwọ́ á já. Àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù méjì-méjì yìí máa ń yọ́ jáde wọ inú ohun tó bá fara kan superconductor. Nínú bàbà, tí kì í ṣe òòfà, wọ́n lè rìn jìnnà. Nínú irin tàbí cobalt, tí òun náà jẹ́ òòfà, náánómítà díẹ̀ péré ni (mílíọ̀nù kan náánómítà ló wà nínú mìlímítà kan). Bí superconductor náà bá sì tín-ínrín, ó gbọ́dọ̀ tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó lè ṣiṣẹ́.

Èyí tó wù mí jù rèé: agbára àwọn méjì-méjì náà kì í kàn parẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń wọ inú òòfà lọ, ó ń yí sí òdì, ó tún ń padà, bí ìgbì omi. Ní 2001, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Ryazanov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn pẹ̀lú ègé méjì niobium, tó jẹ́ superconductor, tí àdàlù bàbà àti nickel wà láàárín wọn. Bí òòfà náà kò bá sì kọjú sí ibì kan náà jálẹ̀, àwọn méjì tí spin wọn jọra lè jáde wá, irú wọn sì ń rìn jìnnà nínú òòfà.