Má fọwọ́ kan páìpù yẹn kí o tó rí ìwé ẹ̀

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ kí n tó dáhùn. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lébìrà lọ́dọ̀ àwọn tó ń wó ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan tó ti kógbá sílé ní England, pé ọ̀gá yín ní láti Mọ́ńdè ni kí ẹ máa bó ohun tí wọ́n wé mọ́ páìpù inú ilé bọ́ílà, pé "wọ́n ti yọ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ibẹ̀ tipẹ́." (Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni ohun tí wọ́n máa ń wé mọ́ páìpù láyé ọjọ́un kí ooru má bàa jáde; eruku ẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.) O wá ń béèrè bóyá másìkì bébà tí wọ́n pín fún yín tó.

Kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ másìkì kọ́ ló já mi láyà, "wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́" yẹn ni. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún èmi náà lọ́dún 2011.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà ni tèmi, lápá àríwá England. Ó ti wà ní títì fún bí ọdún mẹ́fà kí a tó débẹ̀. Mi ò tíì pẹ́ nílùú, iyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, owó ilé ti wọ̀ mí lọ́rùn. Ẹni tó bá ní kí n lọ gbé òkè Olúmọ wá nígbà náà, ọ̀nà tí màá gbé e gbà ni mo máa béèrè. Súpáfáísọ̀ wa mú fáìlì kan jáde, ó ṣí i wìì, ó pa á dé. Ó ní àyẹ̀wò rèé, ó mọ́.

Mi ò mọ̀ pé oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní management survey, ti ilé tí èèyàn ṣì ń lò ni. Ẹni tó ṣe é á wo ibi tí ojú tó, á bu díẹ̀díẹ̀ níbi tó bá rọrùn, á bá tiẹ̀ lọ. Kò ní fọ́ ògiri, kò ní tú nǹkan kan palẹ̀. Ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó, refurbishment and demolition survey ló gbà. Ìyẹn, wọ́n á lu ihò, wọ́n á ya àjà, wọ́n á ṣí gbogbo kọ̀rọ̀ títí dé inú àpótí tí wọ́n fi bo òpó irin. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìwé méjèèjì jọra bí ìbejì. Èyí àkọ́kọ́ yẹn sì sábà máa ń kún fún "no access" lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ń sọ fún ọ pé ẹnikẹ́ni ò débẹ̀ wò ni o, wọn ò sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Páìpù tí wọ́n ní kí a bó ń dán gbinrin, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bò ó. Lábẹ́ ẹ̀, rockwool, ohun tuntun tó rí bí òwú. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ya á, mo ń fà á, mo ń kọrin. Nígbà tí mo dé ibi tí páìpù méjì ti pàdé, níbi tí wọ́n ti fi bóòtù dè wọ́n pọ̀, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀, ó le koko bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, àwọ̀ ẹ̀ wà láàárín eérú àti búráùn. Mo gbá a lóòlù. Ó fọ́ yángá. Oòrùn ń ti ojú fèrèsé tó ti fọ́ wọlé, mo sì rí eruku yẹn nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Kò wálẹ̀. Eruku símẹ́ńtì á jábọ́, èèyàn á rí i pé ó jábọ́. Èyí dúró sójú afẹ́fẹ́, ó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí irun ológbò. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ bó páìpù náà láyé ọjọ́un kánjú. Wọ́n yọ èyí tó rọrùn, wọ́n fi èyí tó wà ní ìdí bóòtù àti ẹ̀yìn irin tó gbé páìpù ró sílẹ̀, wọ́n fi tuntun wé e lórí. Láti ìgbà náà mo ti rí i ní sáìtì tó ju mẹ́wàá lọ. Nítorí náà tí wọ́n bá sọ fún ọ pé "wọ́n ti yọ ọ́," bi wọ́n pé ta ló yọ ọ́, lọ́dún wo, ìwé ẹ̀ dà.

Bàbá arúgbó kan tó ń to irin sìkáfóòdù ló kó wa yọ. Ó gòkè wá lọ́jọ́ kẹta, ó rí ohun tí a ń ṣe, ó sọ̀kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó sì ní òun ò padà síbẹ̀. Wọ́n bu díẹ̀ lọ sí láàbù. Amosite ni, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búráùn, èyí tí wọ́n ti fòfin dè ní Britain láti ọdún 1985 pẹ̀lú aláwọ̀ búlúù. (Funfun di 1999 kí wọ́n tó dè é. Ilé yòówù tí wọ́n bá kọ́ ṣáájú ọdún 2000, gbà pé ó wà níbẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí.) Wọ́n ní kí a máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ wa sílẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni pé aṣọ iṣẹ́ yẹn ni mo wọ nínú bọ́ọ̀sì délé, òun náà ni mo wọ̀ tí mo fi gbé ọmọ. Iyàwó mi gbọn ṣòkòtò náà lójú fèrèsé kó tó kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú aṣọ ọmọ. Àìsàn tí nǹkan yìí ń fà máa ń gbà tó ọdún 15 sí 60 kó tó fara hàn. Èmi ṣì ń ka tèmi.

Má rò pé òmùgọ̀ ni mí. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà lórí ilé bàbá mi, òun náà ló wà ní síìlì. Káfíńtà fi ayùn rẹ́ ẹ lójú wa. Àwa ọmọdé ń fi àfọ́kù ẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì, a ń jù ú sínú iná kó lè dún gbàù. Ohun tí èèyàn ti fi ṣeré rí, wàhálà ni kó tó bẹ̀rù ẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè. Ní kí wọ́n fi refurbishment and demolition survey hàn ọ́, ojú ewé tó kan ilé bọ́ílà gan-an, pẹ̀lú fọ́tò páìpù tí wọ́n ní kí o bó. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti yọ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ibẹ̀, certificate for reoccupation ni kí o béèrè, kí o wò ó dáadáa bóyá ibi tí ẹ ti máa ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ sí i. Ìdì páìpù, èyí tí wọ́n fọ́n sára irin, àti ọ̀pọ̀ jùlọ nínú pátákó AIB (pátákó tí wọ́n fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe), ilé iṣẹ́ tó bá gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, nìkan ló lè yọ ọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Páànù tí wọ́n fi símẹ́ńtì pò kì í sábà gba láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣe fún yín, kí ẹ lè dá a mọ̀ kí ẹ sì sá ni wọ́n ṣe kọ́ yín. Kò fún yín láṣẹ láti fọwọ́ kàn án.

Kí o lè mọ bó ṣe yẹ kó rí: lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn mo lọ kọ́ iṣẹ́ yíyọ ọ́, òun ni mo ń jẹ títí di báyìí. Pákó àti náílọ́ọ̀nù nípọn ni a fi ń kọ́ ilé sínú ilé. Ẹ̀rọ kan á máa fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ gba inú àsẹ́ jáde, débi pé náílọ́ọ̀nù ara ẹ̀ á fà wọnú bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Tó bá tú, tí kò fà mọ́, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ni a ti máa ń fi abẹ́rẹ́ pọ omi sínú ìdì páìpù títí á fi rọ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. A óò wá gé e jẹ́jẹ́ sínú àpò pupa, àpò pupa á wọnú àpò tó mọ́ gaara. Tí o bá ń jáde, yàrá kékeré mẹ́ta lo máa kọjá kí o tó dé ilé ìwẹ̀, másìkì á sì wà lójú ẹ títí omi á fi dà lé e lórí. Ojú lo máa ń fi parí ìwẹ̀ yẹn. Irùngbọ̀n kò bá a lọ o. Mo mọ̀ pé ti ẹ̀sìn ni ti àwọn kan, ti oge ni tèmi, mo fá a pẹ̀lú ẹkún, torí másìkì ojú yẹn kò lè lẹ̀ mọ́ irun.

Tí a bá parí, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé iṣẹ́ wa ló ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ó na ọwọ́ sẹ́yìn irin kan báyìí, ó mú nǹkan kan jáde tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ó ní kí a padà wọlé lọ tún un ṣe. A bú u lábẹ́nú. Òótọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tí ojú ò bá rí nǹkan kan mọ́ ni wọ́n tó máa wọn afẹ́fẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju fáìbà (fọ́nrán tín-ín-rín) 0.01 lọ nínú mílílítà afẹ́fẹ́ kan.

Iṣẹ́ yìí á pọ̀ sí i. Láti 30 September 2024 tí Ratcliffe-on-Soar ti paná, kò sí ilé iṣẹ́ iná eléèédú tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ní Britain, wíwó ló kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwọn ọmọ tuntun bíi tìẹ. Tí o bá sì wà nínú ilé bọ́ílà, béèrè irin tí wọ́n ti gé àti èyí tí wọn ò tíì gé. Èèyàn mẹ́rin ló kú ní Didcot ní 23 February 2016 nígbà tí ilé bọ́ílà ya lulẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń múra láti wó o.

Tó bá jẹ́ pé o ti bó nínú ẹ̀ kí o tó béèrè, má sunkún. Kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ibi tó jẹ́, iye wákàtí, orúkọ àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Sọ fún dókítà ẹ kó kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ; ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bá yà ní fọ́tò lọ́la kò ní fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yẹn lo máa nílò lọ́jọ́ iwájú. Èmi ò ní irú ẹ̀. Tí o bá ń mu sìgá, fi í sílẹ̀, òun àti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Aṣọ tí o wọ̀, rọra fi omi rẹ ẹ́, dì í sínú náílọ́ọ̀nù, má jẹ́ kó wọ ilé.

Tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé àyẹ̀wò náà, bo orúkọ ilé iṣẹ́ mọ́lẹ̀, ya ojú ewé ilé bọ́ílà ní fọ́tò, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ òru ni mo wà lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ilé ni màá wà láti aago méjì ọ̀sán Sọ́ńdè.