Ẹ Bi Wá Léèrè: Kòkòrò Tó Ń Pa Igi

Ìbéèrè láti Àjárá, Àgbádárìgì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbọn wa ti pé ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n gbogbo imọ̀ tuntun tó ń yọ dà bí èyí tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Méjì ti kú. Wọ́n ní ká máa fín oògùn sí i lórí. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú oko o. Oògùn fínfín nìkan kò lè ràn yín lọ́wọ́. Kòkòrò dúdú oníwo ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Oryctes monoceros*. Òru ló máa ń fò wá. Á gbẹ́ ihò gba ìdí imọ̀ wọ inú màrìwò tí kò tíì là, á wá máa fa omi rẹ̀ mu. Nígbà tí imọ̀ náà bá là ni gígé yẹn tó ń hàn lọ́tùn-ún lósì. Imọ̀ gígé kì í pa igi. Èyí tó ń pa á ni kí ihò náà kan ọkàn igi, torí àgbọn kò lẹ́ka, ibì kan ṣoṣo ló ti ń hù. Ihò yẹn náà sì ni ìyá ìtun ń wá yé ẹyin sí.

Ẹ wo ìdí imọ̀ mẹ́ta tó wà láàárín gbùngbùn. Bí ẹ bá rí ihò tí èérún tútù ń yọ lẹ́nu rẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú. Ẹ wá wáyà tó le, irú ti sípóòkù kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ kọdọrọ, ẹ tì í wọlé jẹ́jẹ́, ẹ yí i, kí ẹ fà á jáde. Ẹ má fi agídí gún un o, wáyà tó bá dé ọkàn igi lè ba nǹkan jẹ́ ju kòkòrò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ po yanrìn kíkúnná gíráàmù 250 mọ́ èérí èso dongoyaro tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí ẹ lọ̀ kúnná, gíráàmù 250, ẹ dà á sí ìdí àwọn imọ̀ òkè. Ti igi kan nìyẹn. Fún igi kékeré, kàfúrà mẹ́ta tí à ń fi sáàárín aṣọ tó o: ọ̀kan sí ìdí imọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bu yanrìn lé e, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 45-45. Lásìkò òjò, omi á máa gbá yanrìn lọ, ẹ máa fi kún un.

Ṣùgbọ́n àwọn igi méjì tó kú yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà nílẹ̀? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Inú ìtì àti kùkùté tó ń jẹrà, ààtàn, ìgbẹ́ màlúù àti òkìtì èérún pákó ni kòkòrò yìí ń yé sí, ìdin rẹ̀ á sì lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ kó tó hu ìyẹ́. Ìdin náà funfun, ó ká kóro, orí rẹ̀ pọ́n, ó tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ la ìtì náà, ẹ sá a, ẹ sun ún. Ẹ máa tú ààtàn lóṣooṣù, kí ẹ ṣa ìdin inú rẹ̀ fún adìyẹ. Ẹ bá àwọn tí oko yín jọ pààlà sọ ọ́ pẹ̀lú, torí kòkòrò tó ń fò kò mọ ààlà. Bí oko bá tóbi, ẹ béèrè pańpẹ́ olóòórùn tó ń pe kòkòrò yìí ní ẹ̀ka NIFOR, ilé ìwádìí ìjọba lórí ọ̀pẹ, tó wà ní Àgbádárìgì.

Ìbéèrè láti Ẹ̀pẹ́: Ọmọ mi tó wà ní Jámánì ní wọ́n ń gé igi igbó tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, pé nítorí kòkòrò. Ṣé kò ṣeé fi oògùn pa ni?

Ìdáhùn: Ohun tó yẹ ni wọ́n ń ṣe, ìyá wa. Igi spruce, ìbátan páìnì, ni kòkòrò *Ips typographus* ń pa níbẹ̀. Kò gùn ju mílímítà 5 àti ààbọ̀ lọ. Abẹ́ èèpo ló ń gbé, níbi tí oúnjẹ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, oògùn kì í sì í bá a níbẹ̀. Igi tí ara rẹ̀ le á tú oje rì í mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní oje tó. Ọ̀dá ọdún 2018 ló dá wàhálà náà sílẹ̀, ní òkè Harz pàápàá, níbi tí spruce nìkan ti pọ̀ lọ jàra. Ewé tútù máa ń tanni jẹ: kòkòrò á ti kún abẹ́ èèpo kí ewé tó pọ́n. Èérún aláwọ̀ ilẹ̀ ní ìdí igi ni òṣìṣẹ́ igbó ń wò. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gé e, wọ́n á gbé e kúrò nígbó tàbí kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí àwọn ọmọ kòkòrò tó fò jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 10.

Ìbéèrè láti Ìkòròdú: Káfíńtà ni mí. Pákó páléètì tí mo rà ní ilà búlúù àti àmì HT. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Olú tí ojú ò lè rí ló pa á láró. Kòkòrò abẹ́ èèpo máa ń gbé e ká, igi tútù tí wọn kò tètè sá náà sì máa ń ní in, ṣùgbọ́n kì í sọ pákó di ahẹrẹpẹ. HT túmọ̀ sí pé wọ́n ti mú ọkàn pákó gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú kó tó sọdá òkun. Kò ní kí ikán Ìkòròdú má jẹ ẹ́, torí náà ẹ kùn ún kí ẹ tó lò ó. Bó bá jẹ́ MB lẹ rí, gáàsì olóró ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀: ẹ má fi èérún rẹ̀ dáná oúnjẹ.