Ta ló ń darí àwọn mẹ́rin yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní London ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, ó ní ká lọ gbọ́ string quartet, àwọn tó ń fi ohun èlò olókùn kọrin. Èèyàn mẹ́rin péré, kò sẹ́ni tó dúró níwájú wọn, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀? Ti Schubert (ará Austria tó ń kọ orin láyé àtijọ́) tí wọ́n kọ́kọ́ ta, Death and the Maiden, mo gbádùn ẹ̀, àmọ́ Black Angels tó tẹ̀ lé e, háà, wọ́n ń pariwo nọ́ńbà, wọ́n ń ha gíláàsì omi! Ṣé orin nìyẹn? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ ṣeun. Fáyólíìnì méjì, fíólà kan (ó fi díẹ̀ tóbi ju fáyólíìnì lọ), ṣẹ́lò kan (ńlá tí wọ́n ń jókòó ta), ara wọn ni wọ́n ń wò. Ẹ tún lọ wò wọ́n, ẹni tó ń ta fáyólíìnì àkọ́kọ́ á mí sínú lójijì, ẹ lè gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá jókòó níwájú, orí ẹ̀ á mì díẹ̀, gbogbo wọn á sì jọ gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ṣe ìyáàlù ní gbogbo ìgbà o, tí orin bá dé ọwọ́ ṣẹ́lò, ojú gbogbo wọn á yí síbẹ̀.

Orin ni Black Angels jàre. Kò dùn létí, wọn ò sì kọ ọ́ kó dùn. George Crumb, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní 1970 nígbà tí ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ó kọ ọ́ sára ìwé orin náà pé àsìkò ogun lòun parí ẹ̀. Iná ni wọ́n fi ń gbé ohùn ẹ̀ sókè, ìdí nìyẹn tó fi ń gúnni létí. Èdè oríṣiríṣi ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà yẹn, Swahili gan-an wà níbẹ̀ (Yorùbá ò sí, ó dùn mí díẹ̀). Àmọ́ ibì kan wà láàárín ẹ̀ tí ariwo á rọlẹ̀, wọ́n á wá máa fa igi tí wọ́n fi ń ta á lókè ibi tí ìka wọn tẹ okùn mọ́, ohùn á tín-ín-rín bíi ti ayé àtijọ́. Ẹ mọ orin tí wọ́n ń ta níbẹ̀? Schubert tẹ́ ẹ gbádùn ọjọ́ náà ni, tó kọ ní 1824! Ìyẹn ni wọ́n ṣe ta méjèèjì pọ̀.

Black Angels yìí náà ni David Harrington gbọ́ lórí rédíò tó fi dá Kronos Quartet, ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin irú èyí, sílẹ̀ ní Seattle ní 1973. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tuntun tí kò ní dẹ́rù bà yín, ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wá àwo orin Pieces of Africa tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde ní 1992, ọmọ Áfíríkà ló kọ gbogbo orin inú ẹ̀, ìlù náà sì wà ńbẹ̀.