Ìgbéyàwó olówó pọ́ọ́kú ní Kubwa

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ káàsán mà. Kubwa lèmi àti àfẹ́sọ́nà mi ń gbé, Nófẹ́ńbà la fẹ́ ṣègbéyàwó, owó ò sì tó nǹkan kan, àmọ́ mi ò fẹ́ kó rí wúruwùru. Kí la lè fọwọ́ ara wa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, àbúrò mi. Nófẹ́ńbà yẹn dáa, òjò ti máa ń lọ l'Abuja nígbà yẹn, ẹ gba kánópì síta, ẹ fi họ́ọ̀lù sílẹ̀. Aṣọ ẹbí náà, ẹ mú àwọ̀ kan, kálukú á wọ èyí tó ní nílé (àwọn ìyá á kùn díẹ̀, wọ́n á gbà). Tẹ́ ẹ bá lẹ́nì kan ní Kano, kó bá yín wo ankara lọ́jà aṣọ Kantin Kwari, kẹ́ ẹ gé e ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ rán an mọ́ okùn, kẹ́ ẹ so ó yí kánópì ká, dẹkoréṣọ̀n ti parí nìyẹn.

Ẹ se zobo fúnra yín: ewé ẹ̀, jínjà, kànáfùrù, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tẹ́ ẹ ti fọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó rọ ọ́ sínú ike, alẹ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ sè é o, torí ó máa ń tètè kan, ẹ wá yìnyín sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ìrẹsì ńkọ́? Ẹ gbé ìyẹn fún olóúnjẹ jàre.