Ṣé kí màmá wa tẹ̀ka sí ìwé àwọn olùwádìí yunifásítì?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí màmá wa, ẹni ọdún 64, ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùwádìí láti yunifásítì bá wọn ní kílíníìkì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá hóró kan ṣoṣo tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ sàn ju oríṣiríṣi hóró tí àwọn aláìsàn ń lò lọ, àti pé kọ̀ǹpútà ni yóò yan ẹni tí yóò gba èwo. Wọ́n fi ìwé kan han màmá pé kí wọ́n tẹ̀ka sí i ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn olùwádìí kan náà ló ń wá sí ìjọ wa láti kọ́ wa nípa iyọ̀ àti ìrìn rírìn, ṣùgbọ́n wọn kò dé ìjọ kejì tó wà ládùúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí màmá wa ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ìmọ̀ràn mi ni pé màmá lè kópa bí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tẹ̀ka sí ohunkóhun títí wọn yóò fi gbọ́ ìdáhùn tó yé wọn yékéyéké sí àwọn ìbéèrè tí n óò mẹ́nu bà nísàlẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú irú ìwádìí báyìí, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn olùwádìí wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ojú méjèèjì ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Ọmọṣẹ́ tó ń fi orí olórí kọ́ṣẹ́ kò mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nínú ìwádìí tó tọ́, ọ̀gá gan-an ni kò tíì mọ̀. Oògùn tí wọ́n ń kó pọ̀ sínú irú hóró bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí àwa dókítà ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Ohun tí kò tíì dá wa lójú tó ni bóyá kí a kó mẹ́ta pọ̀ ní ìwọ̀n kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀ sàn ju kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan, kí a sì máa fi òmíràn kún un bí ó bá ṣe yẹ. Oògùn ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe màmá. Bí dókítà kan bá ti mọ̀ dájú pé ọ̀kan nínú méjèèjì ló sàn jù, tí ó sì tún ń pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, ìwà ìkà ló ń hù, kò sì yẹ kí ìgbìmọ̀ kankan fọwọ́ sí i.

Àìmọ̀ yìí ló fà á tí wọ́n fi ń ṣẹ́ gègé. Mo ti rí ìwé ìyọ̀ǹda kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá tó ní a ó pín àwọn ènìyàn “lọ́nà ṣèèṣì”, mo sì rí bí ojú àwọn àgbàlagbà ṣe yí padà nígbà tí a kà á sí wọn létí, nítorí ta ni yóò fi ara rẹ̀ lé ṣèèṣì lọ́wọ́? Gègé ni ọ̀rọ̀ tó tọ́, nítorí gègé ni à ń ṣẹ́ nígbà tí a kò bá fẹ́ kí ojúsàájú wọ ọ̀rọ̀. Bí a bá fi yíyàn sílẹ̀ fún dókítà, ó lè máa fún àwọn tí ara wọn ṣì le ní oògùn tuntun, tàbí kí ó máa fún àwọn tí àánú wọn ṣe é, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì bá jáde, kò ní sí ẹni tó lè sọ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́ tàbí ara tó ti le tẹ́lẹ̀. Màmá àgbàlagbà kan bi mí nígbà kan pé, “Ta ló wá di àpò gègé náà mú?” N kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó mú ju ìyẹn lọ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kò gbọdọ̀ dì í mú. Wọ́n ti to gègé náà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, dókítà kò sì ní mọ èyí tó kàn títí orúkọ aláìsàn yóò fi wọ ìwé.

Ohun tí gègé lè ṣe hàn kedere nígbà àrùn Kòrónà. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ń wá chloroquine kiri, àwọn kan sì lò ó ju ìwọ̀n lọ tí wọ́n fi di èrò ilé ìwòsàn, nítorí gbogbo ayé ló gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Yunifásítì Oxford bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n pè ní RECOVERY ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn 1,561 tí gègé yan hydroxychloroquine fún, tí í ṣe ọmọ ìyá chloroquine, 27 nínú 100 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn 3,155 tí kò gbà á, 25 nínú 100 ni. Oògùn tí gbogbo ènìyàn gbójú lé kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là. Dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ló gba ẹ̀mí là: láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 41 nínú 100 ló kú láìsí i, ṣùgbọ́n 29 ló kú nínú àwọn tó gbà á. Kò sí dókítà tí ìmọ̀ inú tirẹ̀ nìkan ìbá fi èyí hàn án, bó ti wù kí ó dàgbà nínú iṣẹ́ tó.

Ní ti hóró oògùn mẹ́ta, Yunifásítì Àbújá ti léwájú nínú irú rẹ̀ níbí, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2024. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, 300, ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń wọ̀n fúnra wọn nílé, ti fi 31 wálẹ̀ lára àwọn tó ń lo hóró ẹyọ kan, ó sì fi 26 wálẹ̀ lára àwọn tó gba ìtọ́jú tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo nọ́ńbà kejì yẹn dáadáa. Àwọn tí gègé kò yan oògùn tuntun fún náà rí ìtọ́jú gidi gbà, wọn kò sì pa wọ́n tì. Ẹ lè wá béèrè pé kí ló dé tí àwọn olùwádìí tún ń ṣe òmíràn. Àwọn tó kópa ní Àbújá ni àwọn tí kò tíì máa lo oògùn kankan, tàbí tí wọ́n ń lo ẹyọ kan péré, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ṣì ń ru. Màmá yín ti ń lo oògùn bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè kìn-ín-ní tí ó yẹ kí ẹ bi àwọn olùwádìí náà ni pé, “Kí ni tiyín fẹ́ mọ̀ tí ti Àbújá kò tíì sọ fún wa?” Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn láìkọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọ kò le. Bí wọ́n bá pín àwọn ọmọ ìjọ kan náà sí méjì, ẹni tó gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa iyọ̀ yóò ti sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì í kí ìsìn tó parí, ìfiwéra yóò sì bàjẹ́. Èyí ni wọ́n fi ń ṣẹ́ gègé lórí ìjọ lódidi, tàbí abúlé, tàbí ilé ìwòsàn. Ní ìpínlẹ̀ Enugu, ogójì ìjọ ni wọ́n pín báyìí: ní ìdajì wọn, wọ́n ṣe àjọyọ̀ fún àwọn aláboyún nínú ìjọ, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbẹ̀, ní ìdajì kejì, wọ́n ní kí àwọn aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èsì tó jáde ní 2015 fi hàn pé 92 nínú 100 aláboyún ló ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, 55 ni ní ọ̀wọ́ kejì. Ó ṣeé ṣe kí ìjọ kejì ládùúgbò yín wà nínú ìwádìí náà láìmọ̀ pé ìfiwéra ni ipa tirẹ̀. Ẹ lè béèrè bóyá wọn yóò kọ́ ìjọ náà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ wọn.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ Kano pa mọ́, nítorí mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ènìyàn níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọgọ́rùn-ún ọmọdé, wọ́n sì fún ọgọ́rùn-ún mìíràn ní oògùn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló kú lápapọ̀. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìwádìí ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda wọn lẹ́nu. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí di 2009, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano fẹnu kò sí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ìrora yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀, kò sì yẹ kí olùwádìí kankan bínú sí ẹni tó bá rántí rẹ̀. Lónìí, òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé a ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ àti ohun tó lè ṣe sí ìlera rẹ̀ fún un, kí ó sì yọ̀ǹda nínú ìwé. Ìwádìí oògùn tún gbọdọ̀ gba àṣẹ NAFDAC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa sì gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn UCH ní Òrítamẹ́fà jọ ní.

Nínú àwọn ìwádìí ńlá, àwọn ọ̀mọ̀ràn mìíràn tún wà, tí wọn kì í ṣe ara àwọn olùwádìí, tí wọ́n ń yọjú wo èsì bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń wádìí bóyá gbígba ẹ̀jẹ̀ déédéé lè dáàbò bo àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, ọmọ 130 ló kópa. Rọpárọsẹ̀ kọlu mọ́kànlá nínú àwọn tí kò gba ẹ̀jẹ̀, ọmọ kan péré ló kọlù nínú àwọn tó gbà á. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò ní 1997, kí wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ lọ àwọn ọmọ yòókù náà. Ẹ béèrè ẹni tó ní àṣẹ láti dá tiyín dúró.

Ó wá ku ìwé náà fúnra rẹ̀. Màmá ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n kà á sí wọn létí ní Yorùbá tó yé wọn, kì í ṣe kí ẹnìkan sáré sọ kókó rẹ̀ lórí ìdúró. Bí wọn kò bá lè kà á fúnra wọn, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara àwọn olùwádìí gbọdọ̀ jókòó tì wọ́n, ẹ̀yin náà sì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí yẹn. Ẹ wo nọ́ńbà àṣẹ ìgbìmọ̀ àti ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí, kí ẹ sì pe nọ́ńbà fóònù ìgbìmọ̀ náà. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún. Ẹ béèrè ẹni tí yóò sanwó bí oògùn bá pa màmá lára, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ni ó máa ń sọ èyí wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà yóò lọ, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá màmá yóò máa rí hóró náà gbà lẹ́yìn ìwádìí bí ó bá bá ara wọn mu, àti iye tí wọn yóò máa rà á. Owó ọkọ̀ tí wọ́n bá fún màmá kì í ṣe owó orí wọn. Kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nígbàkígbà láìsọ ìdí, kí ìtọ́jú wọn ní kílíníìkì sì máa lọ bí ó ti ń lọ.

Ohun kan wà tí màmá náà gbọdọ̀ ṣe: kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń lò, àti àgbo pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn ìyá wa láti dárúkọ àgbo níwájú dókítà, ṣùgbọ́n èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ wà nínú wọn, bí ó bá sì pàdé oògùn mẹ́ta, òòyì lè gbé ènìyàn ṣubú. Bí gègé bá yan hóró tuntun fún wọn, kí wọ́n má fi oògùn àtijọ́ kún un àyàfi tí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé náà kí ẹ mú un wá sílé, kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín kà á pẹ̀lú màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ariwo kò sí. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìwé kò gbọdọ̀ kúrò ní kílíníìkì, tàbí pé ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá gbọdọ̀ tẹ̀ka, kí màmá gba oògùn tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa bọ̀ nílé.