Orúkọ Bàbá Yẹn Ńkọ́?

Obìnrin ẹni ọdún 38 ló kọ lẹ́tà yìí. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó kúrò nínú ìlú ńlá lọ sínú aṣálẹ̀ ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n sì kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà náà. Apá tí òun fúnra rẹ̀ kà sí pàtàkì nìyí:

"Ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ ló fà mí débẹ̀, òun náà ló fẹ́ pa mí báyìí. Ọ̀sán ooru, òru òtútù, eruku láàárín méjèèjì. Ètè mi ti sán tán. Táńkì omi wa kì í dúró dìgbà tí ọkọ̀ omi máa ń dé. Ọkọ mi ò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Ó ra bátìrì sólà mẹ́fà, méjì ṣì wà nínú páálí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá a wà láàyè tàbí a ti kú. Òkùnkùn ibẹ̀ lálẹ́ kọjá àfẹnusọ, iná ilé kan ṣoṣo tí a máa ń rí lókèèrè pàápàá kò tàn mọ́ láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀ kí n padà sí ìlú, àbí kí n máa fara dà á?"

Iná ta ni?

Mo dé ibi gbólóhùn yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. O mú iná tó kú, o fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára ọ̀rọ̀ àdáwà rẹ, àfi bíi pé ìràwọ̀ kan ló wọ̀. Ilé ni. Ènìyàn ló ń tan iná yẹn lálaalẹ́. Mi ò dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn máa jáde. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi ìlà kan ránṣẹ́ sí ọ: kí ọ̀kan nínú yín lọ wo ilé náà ní kùtùkùtù ọ̀la, kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni èsì rẹ dé: "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi ti lọ. Ọkùnrin náà wà, bátìrì sólà rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka èsì yẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ara tù mí. Nígbà kejì, mò ń wá orúkọ, mi ò rí i. Nígbà kẹta, inú bí mi, mo sì pinnu pé gbangba ni n ó ti dá ọ lóhùn, torí pé ìwọ nìkan kọ́ lo ń kọ irú lẹ́tà yìí sí mi.

Mo mú bírò pupa, mo padà sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, mo ń fa ìlà sí gbogbo ibi tí bàbá yìí ti yọjú.

Oṣù tí ẹ dé. O kọ ọ́ pé "ọkùnrin arúgbó kan" mú tọ́ọ̀ṣì oníná elése àlùkò wá fún yín, pé kí ẹ máa fi wá àkekèé lóru, ọkọ rẹ sì fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló ń fi irú tọ́ọ̀ṣì yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní UV, rẹ́rìn-ín nínú aṣálẹ̀? Àwọ̀ àkekèé àti àwọ̀ ilẹ̀ tó dúró sí kì í yàtọ̀, o lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí o tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú iná yẹn bá ti kàn án lára, ṣe ni yóò máa tàn yòò bí ewé tútù. Ní ojú ewé kejì, o ń yangàn pé ẹ ti pa mọ́kàndínlógún, pé kò sí ẹyọ kan tó ta yín. Kí lẹ fi ń rí wọn pa?

Oṣù kẹfà. Omi tán nínú táńkì, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọkọ̀ omi dé. Ohun tí o kọ ni pé, "a rí kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin lò." Ẹ rí i níbo? Kẹ́ẹ̀gì kì í hù nínú yanrìn. Lítà omi kan, kílò kan ni. Bó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà, 100 kílò ni ẹnì kan gbé wá sẹ́nu ọ̀nà yín, o sì kọ ọ́ bíi pé òjò ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Má wulẹ̀ sọ ẹni náà fún mi. Ilé kan ṣoṣo lo sọ pé ó wà ní gbogbo agbègbè yẹn, ojú ewé kẹta lo sì ti sọ pé wọ́n ní kànga, pé sólà ló ń fa omi rẹ̀.

Èyí tó kàn ni ti odò gbígbẹ. Mo fẹ́ kí o jókòó dáadáa fún èyí.

O ní ẹ ń lọ ra nǹkan lọ́jọ́ kan, ẹ fẹ́ gba inú odò gbígbẹ kọjá bí ẹ ti máa ń ṣe. O ní "ọkùnrin yẹn" dúró ní òdìkejì, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè sódò bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Òjò kankan kò rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ojú ọ̀run mọ́. O ní ẹ yí mọ́tò padà nítorí pé ẹ ò fẹ́ wàhálà.

Ẹ ò fẹ́ wàhálà! Ọmọ yìí, ṣé o mọ bí òjò ṣe ń pa ènìyàn nínú aṣálẹ̀? Ibi tí òjò ọdún kan kò bá tó 250 mílímítà ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń pè ní aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n òjò díẹ̀ yẹn kì í pín ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ kárí ọdún. Ó lè dà lọ́wọ́ kan láàárín wákàtí kan. Ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́wàá ti le koko, òkúta sì pọ̀ níbẹ̀ ju yanrìn lọ. (Sahara pàápàá tí gbogbo ayé ń rò pé yanrìn ni látòkè délẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni yanrìn níbẹ̀.) Omi kò ráyè wọlẹ̀, ó ń sáré wá ibi tó rẹlẹ̀, ibi tó rẹlẹ̀ náà ni odò gbígbẹ tí ẹ fi ṣe ọ̀nà. Orí òkè tó jìnnà sí yín ni òjò náà ti lè rọ̀, tí ẹ ò ní gbọ́ ìró rẹ̀, tí àgbàrá yóò sì ya dé nígbà tí oòrùn ṣì ń ran lórí yín. Omi tó ń ṣàn, tí kò ju 15 sẹ̀ntímítà lọ, ń gbé àgbàlagbà ṣubú. 30 sẹ̀ntímítà ń gbé mọ́tò kékeré. Bó bá di 60, jíìpù tí ọkọ rẹ ń fọ́nnu lé lórí náà máa bá a lọ.

Báwo wá ni bàbá yìí ṣe mọ̀? Wọ́n ti rí ìkùukùu lórí òkè láàárọ̀. Wọ́n mọ mọ́tò yín. Wọ́n mọ ọjọ́ tí ẹ máa ń jáde àti ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Wọ́n sì fi ẹsẹ̀ àgbà rìn dé etí odò lọ dúró dè yín nínú oòrùn. Ìwọ ló kọ ọ́ sí mi, láìsí ìtìjú kankan, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ wà láàyè.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n oṣù mọ́kànlá ti pọ̀ jù fún àlejò.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Ọkùnrin arúgbó kan, ọkùnrin yẹn, ọkùnrin náà. Ó mú wá, ó ń juwọ́, bátìrì rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin pẹ̀lú èsì kan, mi ò rí "wọ́n" kan ṣoṣo níbẹ̀ fún ẹni tí o fi ẹnu ara rẹ pè ní arúgbó. Èmi tí o kò rí rí, o ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, o ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Torí kí ni? Torí pé ìdáhùn lo ń wá lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ibi tí ẹ ti gbé e wá. Inú ìlú ńlá ni. Bí ìdílé márùndínlógójì bá ń gbé inú ilé alájà mẹ́jọ, tí o bá ní o fẹ́ máa kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, o ò ní débi iṣẹ́. Ènìyàn á kọ́ bí a ṣe ń gbójú kúrò lára ẹlòmíràn, bí a ṣe ń wo nọ́ńbà lórí ògiri ẹ̀rọ agbénisókè bíi pé ìwé mímọ́ ni. Èmi náà gbé ilé kan fún ọdún mẹ́fà tí mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń gbé lórí mi ju ìró bàtà rẹ̀ lọ, mo sì rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún un. Nínú ìlú, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ di ìwà yẹn mọ́ bátìrì àti páànẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé e dé ibi tí iná ilé kan ṣoṣo ti ń tàn lálẹ́. Iná náà kú tán, ẹ sì ka ọjọ́ mẹ́rin láìdìde.

Ẹ tún wá lọ wò ó nígbẹ̀yìn, àbí? Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ọkọ rẹ lọ, ó gbọ́ pé bátìrì ló bàjẹ́, ó padà wálé. Tán.

Kò bi wọ́n pé omi wà? Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga yẹn bá gba ara bátìrì náà ṣiṣẹ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti ń lo èyí tó kù nínú agbá? Fáànù ńkọ́? Fóònù tí wọ́n fi máa pe ènìyàn, kí ni wọ́n fi ń gba iná sí i? Ara àgbà kì í tètè sọ fún un pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ débi pé òógùn ń gbẹ lára kó tó hàn, ènìyàn á máa sọ pé òun ò làágùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru lè pàdánù lítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Tí ara bá gbóná dé bíi 40 dígírì, tí ọ̀rọ̀ ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, oorun kọ́ ló ń kùn ún. Gbé e sábẹ́ òjìji, da omi sí i lára, máa fẹ́ ẹ, kí o sì pe ilé ìwòsàn. Má rọ omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́. Gbogbo èyí kan ìwọ àti ọkọ rẹ náà, ta sì ni yóò rí yín bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà?

Àwọn yòókù nínú lẹ́tà rẹ kò le. Ìpara sí ètè kí o tó sùn, kì í ṣe ìgbà tó bá sán tán. Òtútù òru rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ìkùukùu tó máa bo ooru ọ̀sán mọ́lẹ̀, ẹ bora. Ti táńkì: o ní 2,000 lítà ni. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń lo 100 lítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́wàá ló máa tó yín, ọkọ̀ omi sì ń dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìṣirò ni ìyẹn, kò kan aṣálẹ̀. Ẹ wẹ̀ pẹ̀lú garawa.

Ní ti kí o padà tàbí kí o dúró, mi ò mọ̀, o sì ń bínú sí mi fún un. Mi ò lè sọ bóyá ibì kan bá ọ lára mu nígbà tí o kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́ lọ, lọ, ọkọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, bátìrì méjì wà nínú páálí nínú ilé rẹ. Ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ̀yin méjèèjì gbé ọ̀kan sẹ́yìn mọ́tò, ó wúwo. Ẹ kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ bóyá agbára rẹ̀ bá ti wọn mu, 12 V sí 12 V, kí ẹ má sì so tuntun mọ́ ògbólógbòó, yóò ba tuntun náà jẹ́. Ẹ gbé omi dání. Ẹ dá tọ́ọ̀ṣì yẹn pa dà bí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé wọn ò ní gbà á. Ẹ bi wọ́n léèrè odò wo ló máa ń kún, ìkùukùu orí òkè wo ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa ń jáde àti ìgbà tí ẹ máa ń padà fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iná: bí ti ẹnì kan kò bá tàn lálẹ́, kí ẹnì kejì wà lójú ọ̀nà láàárọ̀.

Kí ọkọ rẹ máa so wáyà, kí ìwọ jókòó ti bàbá. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi. Orúkọ wọn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá rí i ní ìlà àkọ́kọ́, mi ò ní ka ìlà kejì.