Ẹ Fi Gílóòbù Sílẹ̀, Ẹ Yẹ Wáyà Wò

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iná ọgbà lẹ ní ká sọ lóṣù yìí, ìyẹn àwọn gílóòbù kékeré fólítì 12 tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, lẹ́sẹ̀ ògiri, lójú ọ̀nà géètì. Ìbéèrè pọ̀ ju ààyè lọ, mo wá ṣa èyí tó kan èèyàn púpọ̀. Mo máa pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́ o, torí òun ló ń jẹ owó yín jù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi ra gílóòbù méjìlá, ó rì wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ gáréèjì títí dé géètì, ilé wa sì jìn sí géètì díẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó wà lápá ilé ń tàn wàì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi máa dé géètì ó ti dà bí àtùpà tí epo ń tán nínú ẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní ayédèrú ni, a ti pààrọ̀ àwọn ti iwájú géètì lẹ́ẹ̀mejì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. (Ìyàwó ilé kan, Ìdí-Àbà)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Gílóòbù yín ò ṣẹ̀ yín. Kẹ́ ẹ tó náwó mìíràn, ẹ ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní: ẹ yọ èyí tó ń kú lọ níwájú géètì, ẹ gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, kẹ́ ẹ gbé ti gáréèjì lọ síwájú géètì. Tí aláìsàn yẹn bá délé tára ẹ̀ yá, tí èyí tó ń tàn wàì tẹ́lẹ̀ wá di aláìsàn ní géètì, ẹ ti rí ọ̀daràn, wáyà ni.

Ṣẹ́ ẹ mọ ọmọ tí wọ́n rán pé kó gbé ẹ̀pà lọ fún ìyá àgbà lódìkejì àdúgbò, bó ṣe ń lọ ló ń bù ú jẹ. Tó bá jẹ́ ilé kejì ni wọ́n rán an, kò lè hàn. Tọ́nà bá jìn, ìdajì abọ́ ni ìyá àgbà máa gbà. Wáyà náà nìyẹn, bó bá ṣe gùn tó, tó tún tín-ín-rín tó, ló ṣe máa bu fólítì jẹ lọ́nà.

Ẹ ò sọ wọ́ọ̀tì fún mi, ẹ ò sọ wáyà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ní gílóòbù wọ́ọ̀tì 5 ni. Méjìlá ẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì 60. Tó bá jẹ́ iná ilé, fólítì 230, wọ́ọ̀tì 60 ò ju nǹkan bí ámpì 0.26 lọ (ámpì ni bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó), ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í mọ̀ pé wáyà ń jẹ nǹkan kan. Àmọ́ lórí fólítì 12, ámpì 5 gbáko ló máa gba inú wáyà kọjá. Tẹ́ ẹ bá lo wáyà 1.5 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí kọ́pà inú ẹ̀ ṣe nípọn tó), tó gùn tó mítà 40, tí gílóòbù tò tẹ̀léra lórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fólítì tó máa sọnù kó tó dé géètì á lé ní 2 àtààbọ̀. 12 ti di 9 àti díẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo bí gílóòbù ọ̀hún ṣe fẹ́ tàn.

Oníná tó bá gbọ́ èyí máa ní kẹ́ ẹ lọ ra wáyà 4. Òótọ́ ni, wáyà 4 ò ní jẹ ju nǹkan bíi fólítì 1 lọ lórí mítà 40 yẹn, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta wáyà kọ́pà báyìí. Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí iná wọlé láti ìdí wáyà, ẹ jẹ́ kó wọlé láàárín. Ẹ gbé tirafómà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di fólítì 12, kúrò ní gáréèjì, ẹ kàn án mọ́ fẹ́ǹsì níbi tó jẹ́ ìdajì ọ̀nà, kí gílóòbù mẹ́fà gba apá ọ̀tún, kí mẹ́fà gba apá òsì. Wáyà 1.5 kan náà, gílóòbù kan náà, ohun tó máa sọnù lápá kọ̀ọ̀kan ò ní pé fólítì 1. Ìdí ni pé ọ̀nà ti dín kù sí ìdajì, ẹrù tí apá kọ̀ọ̀kan ń gbé náà ti dín kù sí ìdajì. Tí kò bá sí bí iná ilé ṣe máa dé ìdí fẹ́ǹsì láìséwu, ẹ fi tirafómà sílẹ̀ níbi tó wà, kẹ́ ẹ ra wáyà 4 mítà 20 péré tó máa gbé iná dé àárín, ibẹ̀ lẹ ti máa pín in sọ́tùn-ún sósì. Èyí máa jẹ fólítì díẹ̀ sí i, àmọ́ gbogbo gílóòbù á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, ojú ò sì ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo ara tirafómà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Tó bá jẹ́ 60 ni, tẹ́ ẹ sì so wọ́ọ̀tì 60 mọ́ ọn, ẹrù ti pé e lórí, á máa gbóná ṣáá. Ẹ má jẹ́ kẹ́rù kọjá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé tiyín yẹ kó jẹ́ 75 ó kéré tán, ẹ kúkú ra 100. Nǹkan mìíràn tún ni iná NEPA wa yìí (ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní NEPA, orúkọ tuntun ò rọ̀ mí lẹ́nu). Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò tan ẹ̀rọ amúlétutù, 230 lè di 180, tirafómà onírin tó wúwo yẹn ò ní gbé 12 jáde mọ́, nǹkan bí 9 àtààbọ̀ ló máa gbé jáde, kí wáyà tó wá bu tiẹ̀. Àwọn tó fẹ́rẹ́, tí wọ́n kọ 100–240 sí lára, máa ń fara dà á, 12 wọn kì í mì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, orí àpáta ni wọ́n kọ́ ilé mi sí, tá a bá ti gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ òkúta ti dé. Oníná tí mo pè ní ká kúkú fi iná ilé tààrà ṣe iná ọgbà, ká má ra tirafómà, ó ní òun á fi iyanrìn bo wáyà náà fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? (Bàbá kan, Ọ̀bàǹtókò)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àyájọ́ òkúta o! Kò dáa rárá. Wáyà iná ilé tó bá máa gba abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin wé lára, kó sì wọlẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ro ọgbà ò mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀, ọkọ́ ẹ̀ ló máa bá a pàdé. Èyí tó jẹ́ fólítì 12 nìkan ni ilẹ̀ tín-ín-rín lè gbà, íńṣì 6 tó o, kódà níbi tí òkúta ò bá jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti wáyà náà bọ inú páìpù dúdú, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ìdí fẹ́ǹsì tàbí ẹ̀gbẹ́ kọnkéré ọ̀nà. Páìpù yẹn ṣe pàtàkì fún ikán àti eku náà, àwọn yẹn kì í bèèrè fólítì mélòó ni kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Àpáta yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sì tan iná sí. A kúkú ń gbé ìlú tó jẹ́ pé abẹ́ òkúta la ti gba orúkọ. Ẹ gbé gílóòbù kan péré sílẹ̀ sún mọ́ ìdí àpáta, kẹ́ ẹ kọ ojú ẹ̀ sókè kí ìmọ́lẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, gbogbo ihò àti ìlà ara ẹ̀ máa jáde, òjìji á wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta iná sí i láti iwájú gbọnrangandan, ó máa tẹ́jú bí ògiri ni.

Ẹ kìlọ̀ fún oníná yẹn lórí ojú ìsopọ̀ pẹ̀lú. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nílé ara mi, mo fi téèpù dúdú wé ìsopọ̀ mẹ́rin, mo bò wọ́n mọ́lẹ̀, mo ń yan. Òjò rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nígbà tí mo hú u, téèpù ti yọ́ bí ọbẹ̀ ilá, kọ́pà inú ẹ̀ ti láwọ̀ ewé, mo fọwọ́ kàn án ó já. Láti ìgbà yẹn, ìsopọ̀ tí wọ́n ti rọ jẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀ ni mò ń lò nínú ilẹ̀, tàbí kí n fi àpótí tí omi ò lè wọ̀ sórí ilẹ̀ kí gbogbo ìsopọ̀ wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ra gílóòbù, ẹ wo nọ́ńbà IP ara páálí ẹ̀, òun ló ń sọ bí kò ṣe ní jẹ́ kí omi wọlé tó: 65 tó fún òjò, èyí tó máa wà nínú ilẹ̀ kó jẹ́ 67, tó bá jẹ́ inú omi ni kó jẹ́ 68.

Ìbéèrè: Iná ò dúró ládùúgbò wa. Ṣé mo lè so iná ọgbà mọ́ bátìrì sólà tààrà? Gílóòbù mẹ́jọ oní wọ́ọ̀tì 3 ni. (Olùkọ́ kan, Àdìgbẹ)

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, èyí ló tiẹ̀ mú kí fólítì 12 bá ilẹ̀ wa mu, ẹ ò nílò ínfátà láàárín. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ wọ́ọ̀tì 24, ámpì 2 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí mẹ́fà, ámpì-wákàtí 12 ló jẹ. Bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ámpì-wákàtí 100, ìdajì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò kó lè pẹ́, ìyẹn 50, á gbé yín fún alẹ́ mẹ́rin láìrí oòrùn. Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ bi ọlọ́jà bóyá gílóòbù yẹn lè gba fólítì 10 dé 15, torí bátìrì tí sólà ń tọ́jú lọ́wọ́ máa ń gun òkè 14, gílóòbù tó mọ 12 nìkan á jóná. Ẹ fi fíúsì síbi orí bátìrì, kì í ṣe lẹ́nu géètì, bátìrì tó bá ṣọ́ọ̀tì lè dáná sun wáyà ju NEPA lọ. Àti pé ẹ ṣọ́ pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù, tirafómà onírin kì í bìkítà, bátìrì ń bìkítà.

Ìbéèrè: Gílóòbù mélòó ni kí n rà fún ọgbà tó jẹ́ bíi ìdajì pílọ́ọ̀tì, funfun àbí yẹ́lò? (Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Ìbarà)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má tíì lọ ọjà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ kan bá yín mú òmíràn, lálẹ́ tí kò sí iná, ẹ rìn láti géètì wọlé, kẹ́ ẹ máa ta á sí ìdí ọ̀pẹ, ìdí máńgòrò, orí àtẹ̀gùn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ ló kọ́kọ́ nílò iná, ibi tó dára lójú ló tẹ̀ lé e, ibi tó kù ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ ọgbà tí mo rí ní Òkè-Mosàn ń dà bí ọgbà ìpolówó gílóòbù ni, kò sóhun tó burú nínú òkùnkùn díẹ̀. Ẹ kọ ojú iná kúrò lójú àlejò àti fèrèsé aládùúgbò. Yẹ́lò ni o, 2700 sí 3000 ni wọ́n máa ń kọ sára páálí, funfun tó jọ ti ilé ìwòsàn máa ń pe kòkòrò jù. Lọ́jọ́ tí èsúnsún bá fò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹ pa gbogbo ẹ̀ fún wákàtí kan, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan án jẹ.

Ìbéèrè: Ṣé fólítì 12 lè gbé ọmọ mi? Ó fẹ́ràn láti máa fa wáyà.

Ìdáhùn: Ara gbígbẹ kì í sábà mọ̀ ọ́n rárá. Apá tirafómà tó gba iná ilé ló léwu, ẹ gbé e sókè ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sórí ilẹ̀, níbi tí òjò ò ní pa á tí ọwọ́ ọmọ ò ní dé, kẹ́ ẹ ní kí oníná fi súìṣì tó máa ń já fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí, ṣáájú ẹ̀. Ní ti wáyà tó ń fà, ẹ rì í mọ́lẹ̀.